Ọkọ̀ tó ń mu omi: ẹjọ́ obìnrin kan àti oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù ní ìlà-oòrùn London

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2025, ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ra ọkọ̀ náà. £3,650 ló san. Ọkọ̀ kékeré ni, ọ̀tọ̀mátíìkì, pẹtiróòlù ló ń lò, ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é, ó sì ti rin máìlì 74,000. Ọgbà oníṣòwò ọkọ̀ kan ní ìlà-oòrùn London ló ti rà á. Ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni ọkùnrin tó tà á fún un, arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì júwe ibẹ̀. Ọkọ̀ náà kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi dá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Owó rẹ̀ kò padà bọ́ sí i lọ́wọ́ títí di ìparí oṣù Kẹwàá, kò sì padà pé.

Èmi ni mo bá a kọ àwọn lẹ́tà. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò, mo sì yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí wọ́n má baà dá wọn mọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò kan ọ̀rọ̀; ẹni tó tà á ni òfin mọ̀. Mo rí i pé ó yẹ kí n kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ ní kíkún, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ra ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé bí a bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àlòkù tán, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ẹ̀tọ́ wà, ó sì lágbára. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà bá ẹni tó tajà fún wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni obìnrin yìí ń ṣe ní apá Medway, ní Kent. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ ń retí rẹ̀, bọ́ọ̀sì kì í sì í tíì kọjá ní àdúgbò yẹn nígbà náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé láìsí ọkọ̀, wákàtí iṣẹ́ á dín kù. Bí wákàtí bá sì dín kù fún ẹni tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló dúró fún físà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó nìkan. Ó ti ṣe ìdánwò ìwakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí oṣù méjìlá péré ni wọ́n gbà kí ẹni tó wá gbé ibẹ̀ fi ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà wakọ̀. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì ló fi ṣe ìdánwò náà, ọ̀tọ̀mátíìkì nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí fún un. Ìyẹn ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kúrò níwájú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Gbogbo èyí ni mo fi ń sọ pé kì í ṣe ẹni tó lè sọ pé "màá lọ wo ibòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló wọ ọgbà náà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Oníṣòwò sì máa ń mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó bá ti rí i.

Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó ti gbóná. Èmi ò ní ra ọkọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná dè mí; ẹ́ńjìnnì tútù ló máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò yẹ ohunkóhun wò. Ó ti wo ìtàn MOT ọkọ̀ náà, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún ọkọ̀, lórí ìkànnì ìjọba, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti ní nọ́ńbà ara ọkọ̀. Máìlì tó wà níbẹ̀ bá ti dáṣíbọ́ọ̀dù mu, wọn ò sì rí nǹkan kan wí ju táyà méjì tó ti ń jẹ lọ. MOT tuntun, oṣù méjìlá gbáko. Ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. MOT kì í yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò, kì í yẹ gíà wò, kì í yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò. Bíréèkì, táyà, iná, èéfín, bẹ́líìtì ìjókòó àti irú wọn ló ń wò. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè yege MOT lónìí, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ṣẹ̀ sí òfin.

Ó ti fi káàdì báńkì rẹ̀ san £300 sílẹ̀ lórí fóònù. £3,350 tó kù, láti báńkì sí báńkì ló fi ránṣẹ́ nínú ọgbà náà. Wọ́n fún un ní rìsíìtì tó ní orúkọ kọ́ńpìnnì lórí. Nísàlẹ̀ rìsíìtì náà, wọ́n kọ ọ́ pé bó ṣe rí ọkọ̀ ló ṣe rà á, pé ọjà oníṣòwò sí oníṣòwò ni, pé kò sí owó dídá padà. Ó fọwọ́ sí i. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn sọ pé ibẹ̀ ló ti pa ara rẹ̀. Irọ́ ni, màá sì dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, lójú ọ̀nà A2, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó gòkè lọ sí ibi pupa, iná tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ooru funfun sì ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e dé ilé. Ó pe oníṣòwò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Omi ló gbẹ. Rọ omi sí i, kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Ó rọ omi sí i. Lọ́jọ́ kejì omi ti lọ, kò sì sí ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Ó tún pè. Wọ́n ní kó gbé e wá, àwọn á bá a tún un ṣe. Ó sì kọ ọ́ sórí WhatsApp pé: "Ẹ ṣé gan-an sà. Màá gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè bí ẹ ṣe wí, kí ẹ bá mi tún un ṣe. Ọlọ́run á bùkún yín." Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lásán ni lójú tirẹ̀. Nígbà tó yá, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ lóṣù náà, ìdúpẹ́ yẹn nìkan ló ní ọjọ́ lára, òun nìkan ló sì fi hàn pé oníṣòwò gbà láti tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn ìpè yòókù, afẹ́fẹ́ ti gbé wọn lọ.

Ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin. Bó bá pè, wọ́n á ní ẹ̀yà ara ọkọ̀ ò tíì dé. Bó bá tún pè, wọ́n á ní mẹkáníìkì ń ṣàìsàn. Ó ń wọ tasín lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó gbà á padà, wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ támósítáàtì, ohun tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó, àti pọ́ǹpù omi. Kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n ṣe é. (Mẹkáníìkì ilé ì bá ti yọ támósítáàtì sọnù pátápátá, á ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Ní òtútù Kent, ọkọ̀ tí kò ní támósítáàtì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, hítà rẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa.)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tún fi lò ó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ó tún gbóná, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: èéfín funfun ń tú jáde ní ẹ̀yìn, ó ń rùn bí ohun dídùn. Mẹkáníìkì àdúgbò ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ mímu. Omi ti wọnú ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi àti ọ́ìlì má baà pàdé, ló ti jó. Mẹkáníìkì náà ní bí orí ẹ́ńjìnnì bá ti tẹ̀, iṣẹ́ náà lè tó £1,400.

Ó pe oníṣòwò. Ohùn ti yí padà. "Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ẹ láti dá ọkọ̀ padà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá, àbúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ ọgbọ̀n ọjọ́ mọ òfin. Ìdajì òfin ló wá kà sí obìnrin náà létí.

Òfin tó ń jẹ́ Consumer Rights Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, sọ pé ohun tí oníṣòwò bá tà fún ẹni tó ń rà á fún ìlò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára tó bí ènìyàn tó lóye ṣe lè retí, kó ṣeé lò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, kó sì rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Àlòkù wà lábẹ́ rẹ̀. Iye owó, ọjọ́ orí àti máìlì la fi ń wọn ohun tí ènìyàn lè retí. Bí ohun tí a rà bá ní àrùn, ènìyàn lè kọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ kó sì gba gbogbo owó rẹ̀, láìyọ kọ́bọ̀. Níbi tí oníṣòwò náà sì ti ń sá nìyí: bí oníbàárà bá gbà kí wọ́n tún ọjà náà ṣe, aago ọjọ́ 30 á dúró títí wọn yóò fi dá a padà. Ó ti lo ọjọ́ 11 kó tó gbà sí àtúnṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 19 tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ọkọ̀ bàjẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún. Lórí ìṣirò lásán, oníṣòwò náà ò purọ́, ìlẹ̀kùn yẹn ti tì.

Ìlẹ̀kùn kejì ni kò mẹ́nu bà. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, oníṣòwò ní àǹfààní láti tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí àrùn kò lọ, oníbàárà lè ní kí wọ́n dín owó kù fún òun, tàbí kó kọ ọjà náà sílẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àrùn tó bá yọjú láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á, àfi bí oníṣòwò bá lè fi hàn pé kò sí i. Ìrànlọ́wọ́ yìí kò sí fún ẹni tó bá lo ẹ̀tọ́ ọjọ́ 30. Ẹni yẹn ló gbọ́dọ̀ fi hàn fúnra rẹ̀ pé àrùn ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ìlẹ̀kùn kejì tilẹ̀ rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ fún irú ẹjọ́ báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló fi burú jù ú: òfin gbà kí wọ́n yọ owó ìlò. Fún ọjà mìíràn, wọn ò lè yọ ọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Ọkọ̀ ni òfin yọ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rìsíìtì ńkọ́? Kò wúlò. Oníṣòwò kò lè fi ìwé gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà, ì báà fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Pé wọ́n sì pe obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó ní "oníṣòwò" lórí ìwé kò sọ ọ́ di oníṣòwò. Ohun tí kò sí lábẹ́ ààbò ni àrùn tí wọ́n bá ti fi hàn án kedere kó tó rà á, tàbí èyí tí ojú rẹ̀ yẹ kó ti rí nígbà tó yẹ ọkọ̀ náà wò. Ẹnikẹ́ni ò fi tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì hàn án.

Kò túmọ̀ sí pé òfin sọ ọkọ̀ àlòkù di tuntun o. Ẹjọ́ méjì kan lórí ọkọ̀ Jaguar àlòkù wà láyé àtijọ́, kí òfin ti 2015 tó dé, tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, nítorí ọ̀dọ̀ adájọ́ Lord Denning ní kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ni méjèèjì dé, ibi tí wọ́n parí sí sì yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ Bartlett àti Sidney Marcus ní 1965, oníṣòwò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà nílò àtúnṣe díẹ̀, wọ́n sì dín owó kù kí oníbàárà lè lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, iṣẹ́ náà pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Oníbàárà jẹ̀bi: ọkọ̀ tó ṣeé wà ló rà, ó sì mọ̀ pé ó ní àrùn. Ẹjọ́ kejì, ti Crowther àti Shannon Motor, wà nínú ìwé ìròyìn òfin ọdún 1975. £390 ni ẹni yẹn ra Jaguar tó ti rin máìlì tó lé ní 82,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti máìlì tó lé ní 2,300, ẹ́ńjìnnì kú. Oníṣòwò ní kí ni kí ènìyàn máa retí lára ọkọ̀ tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀? Kọ́ọ̀tù ní kí ó lè rin ìrìn àjò fún ìgbà tó mọ́gbọ́n dání ni, àti pé ẹ́ńjìnnì tó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń kú lọ lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Oníbàárà jàre. Ọkọ̀ tiwa jọ Jaguar kejì yìí.

Kí a tó kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Arábìnrin tó júwe ọgbà náà ló gbé e débẹ̀, ojú ń tì í. Wọ́n pe àwọn méjèèjì jọ lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin náà ní òun á mú £400 wá, kí obìnrin náà fi £1,000 kún un, kí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe. Ó wá ní a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òwe gidi ni, àmọ́ ẹnu ẹni tó jẹ gbèsè ló ti dùn jù. Pásítọ̀ rọ obìnrin náà pé kó gbà á, nítorí àlàáfíà. Mi ò bá pásítọ̀ wí. Wọ́n ti parí ìjà tó le ju èyí lọ nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń parí ìjà ní láti mọ ohun tó tọ́ sí oníkálukú kó tó máa pín in. Nínú yàrá yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí £1,400 àtúnṣe bí ẹni pé ẹrù àwọn méjèèjì ni. Lójú òfin, £3,650 obìnrin náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò gbà. Ó ní òun á ronú sí i, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jáde.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bó bá kọ lẹ́tà, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà a ṣe é lọ́nà méjì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ímeèlì kọ́ńpìnnì náà, ó sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ sí àdírẹ́sì wọn, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ó sọ ọjọ́ tó rà á, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gbà láti tún un ṣe, ọjọ́ tó tún bàjẹ́, àti pé ó ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2015, ó sì fẹ́ owó rẹ̀. Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Lórí WhatsApp, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín lónìí. Mi ò fẹ́ ọkọ̀ náà mọ́, owó mi ni mo fẹ́ gbà padà. Mi ò bá yín jà o." Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkùnrin náà bá pè é, á gbé e, á kí i dáadáa, lẹ́yìn náà á kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: "Ẹ ṣeun fún ìpè yín sà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín ni pé…" Kò pẹ́ tí ìpè fi dáwọ́ dúró.

Láti ọjọ́ náà, kò wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Ẹni tó ní òun ti kọ ọkọ̀ sílẹ̀ tó ṣì ń wà á lọ síbi iṣẹ́ ń fún alátakò ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n gbé e sí iwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní àyè tirẹ̀, ó sì sọ fún DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ọkọ̀ náà ti kúrò ní títì, èyí tí wọ́n ń pè ní SORN. Wọ́n dá owó orí ọkọ̀ fún àwọn oṣù tó kù padà fún un.

Ó san £180 fún onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe láti wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Òfin ò fi dandan mú un, torí oṣù mẹ́fà ò tíì pé. Àmọ́ mo rọ̀ ọ́ pé kó ṣe é, owó tó sì ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni. Onímọ̀ ẹ̀rọ náà fi omi búlúù kan yẹ ẹnu ibi tí omi rediétọ̀ ń gbà wọlé wò. Bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì bá ń yọ́ wọnú omi, búlúù náà á di yẹ́lò. Ó di yẹ́lò. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tí kò sí ẹni tó retí: nínú agolo tí wọ́n ń rọ omi sí, ìyókù kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó ń jò ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó ti gbẹ, ó sì nípọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dí gásíkẹ́ẹ̀tì pa, ó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé ẹnì kan ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń mu omi, ó sì ti gbìyànjú láti bò ó. Obìnrin náà kò rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Èsì oníṣòwò kọ́kọ́ ni pé kó lọ bá ilé-iṣẹ́ wọ́ránti. Wọ́ránti oṣù mẹ́ta wà lóòótọ́, àmọ́ àfikún lásán ni wọ́ránti, kò gba ipò òfin, ilé-iṣẹ́ náà sì ti sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun tó ń gbó. Èsì kejì ló pa mí lẹ́rìn-ín: ó ní ọkọ̀ ìyàwó òun ni, òun kàn bá a tà á, kì í ṣe ọjà kọ́ńpìnnì. Orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà lórí rìsíìtì. A wo orúkọ náà lórí ìkànnì Companies House, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́ńpìnnì náà ṣì wà láàyè, ọkùnrin yìí ni ọ̀gá rẹ̀, títa ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ pé ó ń ṣe. A ya àwòrán ojú ìwé náà àti ojú ìwé Facebook tó ti ń polówó ọkọ̀ kí ó tó rántí láti pa á rẹ́.

Àwọn kan béèrè ìdí tí kò fi lọ bá báńkì. Owó tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ fún ọjà tó gbà lóòótọ́, ìjà oníṣòwò àti oníbàárà ni báńkì kà á sí, wọn ò kà á sí gbájúẹ̀. Ká ní káàdì kírẹ́díìtì ló fi san £300 àkọ́kọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀ pátápátá. Abala 75 òfin Consumer Credit Act ti 1974 sọ pé fún ọjà tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, ilé-iṣẹ́ káàdì á jẹ́bi pọ̀ pẹ̀lú oníṣòwò lórí gbogbo owó náà, ì báà jẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ ni ènìyàn fi káàdì san. Kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú kì í tètè rí i gbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, a kọ lẹ́tà ìkẹyìn, a fún wọn ní ọjọ́ 14. Wọn ò fèsì. Ní oṣù Keje, ó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀ka ẹjọ́ kékeré, èyí tó ń gba ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ ní England àti Wales. Kò nílò lọ́yà. Owó tó san fún ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ £205. Kọ́ńpìnnì náà ló pè lẹ́jọ́, kò pe ọkùnrin náà tàbí ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n lè fèsì, wọ́n ní àwọn ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, kọ́ọ̀tù ti sọ ọ́ di dandan pé kí irú ẹjọ́ báyìí kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá, lórí fóònù, wákàtí kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó ní ṣé kì í ṣe ohun tí pásítọ̀ ṣe náà nìyẹn? Ó jọ ọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alárinà kì í dá ẹjọ́, kì í sì í so àwọn méjèèjì pọ̀ lórí fóònù kan náà. Á bá ọ sọ̀rọ̀, á gbé ọ̀rọ̀ rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, á sì padà wá. Obìnrin náà kò ní láti gbọ́ "àbúrò mi" lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rò pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́ ju ìmọ̀ òfin èyíkéyìí lọ.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ìpè náà wáyé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti £1,000. Alárinà gbé ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ lọ bá a, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kẹ́míkà yẹn. Ó padà wá pẹ̀lú £2,750: ó ní òun gbà láti dá owó padà, àmọ́ obìnrin náà ti rin máìlì 2,000, kí wọ́n sì yọ 45p lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, £900. 45p ni iye tí ìjọba fi ń ṣírò owó orí fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́. Epo, ìnṣúránsì àti àbójútó ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀, obìnrin náà sì ti san gbogbo ìyẹn lápò ara rẹ̀. A ti retí ìṣirò yìí, ó sì ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ sórí pépà níwájú rẹ̀. Ó ní £300 lòun lè fi sílẹ̀ fún ìlò, kí wọ́n sì dá owó kọ́ọ̀tù òun padà. Ohun kan wà tí ọkùnrin náà ń bẹ̀rù, tó sì ń tì í láti parí ọ̀rọ̀ náà: bí adájọ́ bá dá a lẹ́bi tí kò sì san án tán láàárín oṣù kan, orúkọ kọ́ńpìnnì náà á wà nínú ìwé àwọn onígbèsè fún ọdún mẹ́fà, oníṣòwò ọkọ̀ tó ń yá owó ra ọjà sì mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe fún un.

£3,500 ni wọ́n parí rẹ̀ sí, £2,000 láàárín ọjọ́ méje, £1,500 ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá. Obìnrin náà fi gbólóhùn kan kún un tí mi ò rò dé: ọkọ̀ náà ò ní kúrò níbi tó wà títí owó kejì yóò fi wọlé. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì lè padà sí kọ́ọ̀tù láti mú un ṣẹ.

Owó àkọ́kọ́ wọlé lásìkò. Ti èkejì pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú ẹ káàárọ̀ sà, owó sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Ó sọ fún DVLA lọ́jọ́ náà pé ó ti padà sọ́wọ́ oníṣòwò. Bí a bá ka £180 onímọ̀ ẹ̀rọ, owó tasín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún àti ìnṣúránsì tí wọn ò dá padà, ó pàdánù tó £1,100. Ó béèrè fún díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà. Ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ dúró de adájọ́ fún oṣù mélòó kan sí i nítorí rẹ̀. Èmi ì bá dúró. Kì í ṣe èmi ló ń jí ní aago márùn-ún.